Ṣúgà Ti Pọ̀ Lára Wa

Èèrà kan bọ́ sínú agolo ṣúgà láàárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi wà pọ̀ kẹ́yìn. Ràlíátù fi èékánná yọ ọ́, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ní, "Máa lọ sílé ẹ. Ìwọ nìkan kọ́ lo fẹ́ràn ohun dídùn." Lẹ́yìn náà ó bu ṣúgà sí ògì mi, ó bu sí tirẹ̀, ó sì lá ṣíbí kó tó dá a padà sínú agolo. Mo ní àgbàlagbà kì í lá ṣíbí ṣúgà.

Ó ní, "Ẹ ò ní í pẹ́ lọ, Bàbá Bàsírà. Tí ẹ bá lọ tán, ta ni yóò rí mi?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ti parí, mo ń padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Àbíjàn. Kò sunkún, èmi náà ò sunkún. Lílọ àti bíbọ̀ ti mọ́ wa lára. N kò tún fojú kàn án mọ́, àfi nínú fóònù.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo pàdánù kí n tó sọ ìyókù. Ikú mú ìyàwó mi lọ, n kò sì bá ikú jà. Ṣùgbọ́n oṣù kan wà ṣáájú ikú náà tó jẹ́ tèmi. Ó yẹ kí n wà nílé nínú oṣù náà, kí n máa gbé omi sí i nítòsí, kí n máa bá a jiyàn. Wọ́n gba oṣù náà lọ́wọ́ mi. Ọ̀tá kọ́ ló gbà á.

Olùkọ́ ni mí ní Ẹ̀jìgbò kí n tó kọ́kọ́ lọ. Nílùú wa, ó ṣòro láti rí agbo ilé tí kò ní èèyàn ní Àbíjàn. Àwọn tó bá tibẹ̀ dé máa ń fi Faransé ná ẹran lọ́jà, wọ́n á wá fi Yorùbá gba ṣéńjì. Nítorí náà mo rò pé mo ti mọ ibẹ̀ kí n tó débẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó dà bí ìgbátí létí mi ni pé n kò lórúkọ mọ́. Anàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa, àtẹni tó kàwé àtẹni tí kò kà. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí mo ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ kékeré kan na ọwọ́ sí mi bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Sà va?", ìyẹn ni pé ṣé dáadáa ni. Èmi tí àwọn ọmọ ń dọ̀bálẹ̀ kí ní Ẹ̀jìgbò. Mo wo ọwọ́ náà títí ọmọ náà fi ká a kò. Nígbà tó yá, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ ọmọdé lọ́wọ́. Mo kọ́ pé nínú èdè tiwọn, obìnrin ni tábìlì, obìnrin ni bàtà, ọkùnrin ni iṣẹ́. Bí mo bá sọ akọ di abo, àwọn ọmọ kíláàsì mi á fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ èdè ni mí, ọmọdé ló ń tún èdè mi ṣe.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ni bí a ṣe ń dá wà. Kíósìkì kan wà ní ìkóríta wa níbi tí ọkùnrin Fúlàní kan ti ń po kọfí. Á da mílíìkì tó ki tó sì dùn sí ìdí kọ́ọ̀pù, á da kọfí lé e, á tún wá bu ṣúgà sí i bí ẹni pé kò tíì fi nǹkan kan sí i. Bí àárò ilé bá ti ń sọ mí, ibẹ̀ ni mo máa ń lọ jókòó. N kì í bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Adùn náà á kàn jókòó sí mi lọ́fun bí ẹni tó mọ̀ mí.

Èmi àti Kamọ́rù la jọ ń gbé àgbàlá kan. Mẹkáníìkì ni, ọmọ Màsífà, ó kéré sí mi dáadáa, ṣùgbọ́n òun lọ̀gá mi ní Àbíjàn. Òun ló kọ́ mi pé a kì í pe míńrà ní míńrà níbẹ̀, síkirẹ́rì ni, àti pé bí onílé bá fi lọ̀ ẹ́ tí o kọ̀ ọ́, o ti bú u. Òun náà ló kọ́ mi ní "sà va álé", pé yóò dára. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń bo gbogbo egbò mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ bọ́, sà va álé. Ọmọ ń gbóná, sà va álé.

"Tíṣà, ẹ dẹ̀kun àròjinlẹ̀," ni Kamọ́rù máa ń wí fún mi. "Ẹ fi ojú jọ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tì yín."

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gíríbì ni Ràlíátù máa ń pè. Ó ní ebu kan lójú ọ̀nà Ìsúndùnrin níbi tí òun àti àwọn obìnrin bíi mélòó kan ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, tí wọ́n sì ń yan gààrí. Láti inú fóònù ni mo ti mọ ìgbà tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ gé, mo mọ ìgbà tí ewúrẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ránṣọ, tó jẹ etí léèsì oníbàárà. Kò sí ohun kékeré tí kì í sọ fún mi. Ẹni tó bá ń gbọ́ àwọn ohun kékeré lójoojúmọ́ á gbà pé kò sí ohun ńlá tó pa mọ́ fún òun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, Ẹ̀gbọ́n Sìdí, ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣúgà. Ó sọ̀rọ̀ sórí Wọ́sáàpù ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Bàsírà, ẹ kú àjò o. Àwa obìnrin ebu àti àwa tí a wà ní ṣọ́ọ̀bù fẹ́ jáwọ́ nínú ṣúgà fún odindi oṣù kan. Kò sí ṣúgà nínú ògì, kò sí míńrà, kò sí bisikíìtì. A ti dá gúrúùpù sílẹ̀ tí a ó ti máa ṣọ́ ara wa. Ràlí ní kí a fi yín kún un, pé tí ẹ ò bá sí níbẹ̀ òun náà ò ṣe."

Mo bi í pé kí ló fà á.

"Ṣúgà ti pọ̀ lára wa," ó ní.

Mo gbọ́ ọ bí ẹnikẹ́ni ṣe máa gbọ́ ọ. Mo rò pé a ti ń jẹ ẹ́ jù ni. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹnì kan ṣoṣo ló ní ṣúgà lára, àti pé wọ́n da "wa" bo "rẹ̀" mọ́lẹ̀ bí a ṣe ń da igbá bo àwo. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ mi sí i. Mo ní kí wọ́n kọ ti Kamọ́rù náà sí i, òun náà tó máa ń fi síkirẹ́rì ṣan ẹnu.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ korò. Orí ń fọ́ mi, inú ń bí mi sí àwọn ọmọ kíláàsì láìnídìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ní kí Fúlàní oníkọfí po kọfí dúdú fún mi, láìsí mílíìkì, láìsí ṣúgà, ó gbé ojú sókè, ó wò mí, ó wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi mí pé ta ló kú. Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ nínú gúrúùpù, gbogbo wọn náà rẹ́rìn-ín, àfi Ràlíátù tó kàn sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Gúrúùpù náà dùn ju ṣúgà tí a fi sílẹ̀ lọ. Ìyá Táyé, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yan gààrí, wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mo lá àlá pé mo ń jẹ pọ́fù-pọ́fù. Ṣé àlá ń ba ààwẹ̀ ṣúgà jẹ́?"

"Tó o bá gbé e mì, ó bà á jẹ́," Ẹ̀gbọ́n Sìdí dáhùn.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e jẹ ni mo ta jí."

"Ó dáa nígbà náà. Má padà lọ sùn."

Kamọ́rù náà ní tirẹ̀. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ òun ti sọ òun lórúkọ tuntun, wọ́n ń pe òun ní Omi Lásán. Èmi náà lọ sílé òbí ọmọ ilé-ìwé mi kan, wọ́n gbé síkirẹ́rì tútù síwájú mi, mo ní kí wọ́n dárí jì mí, omi ni mo fẹ́. Bàbá ọmọ náà sọ fún ìyàwó rẹ̀, ó rò pé n kò gbọ́, pé Anàgó yìí ń bẹ̀rù kí a má fún òun ní májèlé jẹ. Mo fi Faransé dá a lóhùn, láìṣi akọ pè ní abo, pé mo ń gba ààwẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó mi tó wà nílé ni. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo sọ ìyẹn náà nínú gúrúùpù. Wọ́n yìn mí bí ẹni tó pa erin.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí inú mi ṣe dùn tó nínú oṣù náà. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, ìgbà yẹn nìkan ni n kò dá nǹkan ṣe. Ohun tí wọn ò jẹ ní Ẹ̀jìgbò, èmi náà ò jẹ ẹ́ ní Àbíjàn. Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé kí ló tún ń jẹ́ ilé, bí kò bá ṣe ibi tí ebi kan náà ti ń pa yín. Ní alaalẹ́ ni a máa ń dárúkọ ara wa nínú gúrúùpù láti mọ ẹni tó ṣì dúró. Ohùn Ràlíátù ló máa ń kúrú jù. "Mo ṣì wà níbẹ̀," á wí.

Oṣù náà ti dé ìdajì nígbà tí Bàsírà ọmọ wa bímọ ní Ará, nílé ọkọ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ wa àkọ́kọ́ nìyẹn. Èmi ni mo fi orúkọ ránṣẹ́. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Ẹ̀gbọ́n Sìdí gbé fóònù dání kí n lè máa wò wọ́n, èmi àti Kamọ́rù sì pa orí pọ̀ sórí fóònù mi ní àgbàlá wa.

Ràlíátù jókòó sórí àga gíga kan láàárín àwọn obìnrin. Nígbà tí wọ́n kọrin tí gbogbo wọn dìde, kò dìde. Mo pariwo sínú fóònù, mo ní, "Ìyá àgbà, ṣé ẹ ò ní í jó ni?"

"Ìyá àgbà kì í jó," ó ní. "Wọ́n máa ń jó fún un ni."

Lẹ́yìn tí Alfa ṣe àdúrà tán, wọ́n gbé àwo kalẹ̀: oyin, iyọ̀, ṣúgà. Ẹ mọ bó ṣe rí. Ẹni tó bá fi kan ọmọ lẹ́nu á fi kan ahọ́n ara rẹ̀ pẹ̀lú, ìyá àgbà ló sì ń ṣáájú. Ràlíátù ti ìka bọ inú ṣúgà, ó fi kan ètè ọmọ náà, ó ní, "Ayé ẹ á dùn." Ó wá gbé ìka náà dání. Kò gbé e sẹ́nu.

Ìyá ọkọ Bàsírà ń wò ó. "Àna mi, ẹ tọ́ ọ lá. Gbogbo ilé ń dúró dè yín. Àbí ẹ fẹ́ kí ayé ọmọ wa korò ni?"

"Ààwẹ̀ ṣúgà la wà o!" Ohùn Ẹ̀gbọ́n Sìdí bú jáde lẹ́yìn fóònù. "Ẹ má bínú, àna wa."

"Ààwẹ̀ ṣúgà wo? Inú Kùránì ta ló wà?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. N kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí kò bá bá wa tọ́ adùn ọmọ wò, kí ló ń gbà ládùúrà fún un? Ràlíátù wo ìka rẹ̀, ó gbé e sókè, ó fi kan iwájú orí ara rẹ̀.

"Orí mi ti tọ́ ọ wò," ó ní. "Orí mi ló máa jẹ ẹ́ bá mi."

Ìyá Táyé dìde, òun náà ti ìka bọ ṣúgà, ó fi kan ètè ọmọ, ó fi kan iwájú orí. Ẹlòmíì dìde. Gbogbo obìnrin ebu, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ṣúgà fi ń dán níwájú orí gbogbo wọn bí iyanrìn odò. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo gbá Kamọ́rù lẹ́yìn, mo ní, "Ṣé o rí àwọn obìnrin wa? Wọ́n le ju sójà lọ!"

Kamọ́rù ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sà va álé, ẹ̀gbọ́n."

Mo ní, "Kí ló fẹ́ dára níbẹ̀? Ọmọ ni wọ́n ń sọ lórúkọ."

"Mo ṣìwí ni," ó ní. Ó dìde lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gíríbì mo bi Ràlíátù bóyá kò sí nǹkan. Ó ní kò sí, pé ọ̀nà Ará ló rẹ òun. Ó ní kí n sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo sọ ọ́.

A ti pinnu pé lọ́jọ́ tí oṣù bá pé, a ó po tíì oníṣúgà ní wákàtí kan náà, àwọn ní ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Sìdí, àwa nídìí kíósìkì, a ó sì jọ mu ún. Ọjọ́ náà pé, Ẹ̀gbọ́n Sìdí ní kí a sún un síwájú. "Ẹ jẹ́ ká fi díẹ̀ lé e. Ó ti ń mọ́ wa lára." Mo ní bí wọ́n fẹ́ kí a fi ọdún kan lé e, mo ti ṣe tán. Ràlíátù ò sọ pé òun ṣì wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní fóònù rẹ̀ ló bàjẹ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Ẹ̀gbọ́n Sìdí pè mí ní ibi iṣẹ́.

"Bàbá Bàsírà, ẹ wá ilé. Bàsírà fẹ́ kí ẹ wá gbé ọmọ rẹ̀."

"Ṣé ọmọ náà ṣe nǹkan ni?"

"Rárá o. Ọmọ ń ṣeré. Ara ìyá rẹ̀ àgbà ni ò fi bẹ́ẹ̀ le."

"Ẹ gbé fóònù fún un."

"Ó ń sùn."

Kò sí Yorùbá tí kò mọ ohun tó wà nínú "kò fi bẹ́ẹ̀ le". Mo mọ̀ ọ́n kí n tó pa fóònù, ṣùgbọ́n jálẹ̀ ọ̀nà ilé ni mo fi ń bá ara mi jiyàn pé ó ní ó ń sùn. Wọ́n ti sin ín nígbà tí mo dé Ẹ̀jìgbò. Ẹ̀sìn wa kì í jẹ́ kí òkú dúró de ẹni tó jìnnà. Òkìtì ilẹ̀ tútù kan ni wọ́n fi hàn mí.

Bàtà rẹ̀ ló sọ fún mi. Sílípáàsì tuntun tó wọ̀ lọ́jọ́ tí mo ń lọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ti òsì ti jẹ dé ilẹ̀. Ti ọ̀tún dà bíi tuntun. Mo gbé méjèèjì dání, mo pe Bàsírà.

"Kí ló dé tí bàtà màmá ẹ fi rí báyìí?"

Ó wo bàtà, ó wo mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Igi ẹ̀gẹ́ ló gún màmá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ní ebu, kò pẹ́ tí mo lọ tán. Ọgbẹ́ náà kọ̀, kò san. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n sọ fún un pé ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá a gbé tipẹ́. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó jáwọ́ pátápátá nínú ohun dídùn. Ó ní òun ò lè dá a ṣe, pé ẹnu òun ò ní í gbà. Àwọn obìnrin ebu ní, ó dáa, gbogbo wa la máa fi í sílẹ̀. Bí gúrúùpù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo wọn ló mọ̀. Àwọn tó ń fi ṣúgà kan iwájú orí ní Ará mọ̀. Bí mo bá pè é pẹ̀lú àwòrán, ojú rẹ̀ ni mo ń rí, ojú náà sì ń rẹ́rìn-ín. Fóònù kì í fi ẹsẹ̀ hàn.

Ẹ̀gbọ́n Sìdí wá lọ́jọ́ kejì. Mo jẹ́ kó jókòó, mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe fún yín?"

"Ẹ ò ṣe wá ní nǹkan kan. Ràlí ló fi Ọlọ́run bẹ̀ wá. Ó ní bí ẹ bá gbọ́, ẹ máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ wálé. A sì rò pé ó máa san. A kì í sọ irú ẹ̀ fún ẹni tó wà lájò. Ọkàn yín ò ní í balẹ̀, ẹ ò sì ní í lè ṣe nǹkan kan láti ọ̀hún."

"Mo lè wálé. Ìyẹn ni mo lè ṣe."

"Bàbá Bàsírà…"

"Ẹ ní kí n wá gbé ọmọ."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n sọ ọ́?" Ó gbé ohùn sókè. "Àbúrò mi ni! Èmi ni mo ń fọ ẹsẹ̀ náà! Ṣé ẹ rò pé ó dùn mọ́ mi kí n máa ṣàwàdà nínú gúrúùpù yẹn, kí n pa fóònù, kí n tún lọ fọ ọgbẹ́? Láti ọjọ́ tó ti lọ, mi ò tíì fi ṣúgà kan ẹnu. Mi ò mọ ìgbà tí mo máa tún fi kàn án."

Ó fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo wọn fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn mi. Ibi tí ó ti ń dùn mí gan-an nìyẹn. Wọ́n yọ ṣúgà kúrò lẹ́nu ara wọn, èmi ni wọ́n wá ń fi bọ́ lójoojúmọ́. Ní Àbíjàn, wọn ò pè mí ní nǹkan míì ju àlejò lọ, mo sì gbà á, nítorí mo rò pé ibì kan wà tí n kì í ti í ṣe àlejò. Ṣùgbọ́n àlejò nìkan là ń gbọn eruku kúrò lórí àga fún. Ọmọ ilé máa ń rí ilé bó ṣe rí, pẹ̀lú àwo tí a ò tíì fọ̀ àti ẹsẹ̀ tó ń rà.

Inú ń bí mi sí Ràlíátù pàápàá. N kò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Èèyàn ò lè bá òkú jà, kì í dáhùn. "Mo ṣì wà níbẹ̀," ó ń wí, mo sì ń yìn ín.

Kamọ́rù ń pè láti Àbíjàn, n kò gbé e. Òun náà mọ̀. Ẹ̀gbọ́n Sìdí ti sọ fún un nítorí kó lè máa bá wọn ṣọ́ mi. Ní gbogbo oṣù ààwẹ̀ náà, ó jókòó tì mí, ó ń mu kọfí dúdú bíi tèmi, ó ń wo ojú mi. N kò padà sí Àbíjàn mọ́. Nílé náà, n kò ṣe nǹkan kan. Bàsírà gbé ọmọ rẹ̀ wá láti Ará, ó ń dáná fún mi. Àwọn obìnrin ebu ń gbálẹ̀, wọ́n ń pọnmi. Bí ẹnikẹ́ni bá wá kí mi, ẹlòmíì ló ń bá mi dáhùn pé mo wà dáadáa.

Bó ṣe rí nìyẹn títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí àbúrò bàbá Kamọ́rù wá láti Màsífà. Àgbà ni. Ó jókòó, ó mu omi, ó kí mi kú ara fẹ́ra kù, kó tó sọ ohun tó gbé e wá.

"Tíṣà, Kamọ́rù ò ka ọ̀rọ̀ wa sí. A ní kó wálé, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Tìẹ ló máa gbọ́. Bá wa pè é. Sọ fún un pé a fẹ́ pín ilẹ̀ oko, kó wá mú tirẹ̀."

"Ṣé ẹ fẹ́ pín ilẹ̀ ni, bàbá?"

Ó yí fìlà rẹ̀. "O ti mọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́."

"Bàbá Kamọ́rù ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

Mo ní n ó pè é, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí mo bá fojú ara mi rí bàbá rẹ̀. Bàsírà ní òun á tẹ̀ lé mi. Mo ní kó dúró ti ọmọ rẹ̀. Mo gun ọ̀kadà lẹ́yìn bàbá náà, a lọ sí Màsífà.

Orí ẹní ni wọ́n tẹ́ bàbá Kamọ́rù sí nínú yàrá tó mọ́. Apá òsì rẹ̀ ti kú, ẹnu ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú rẹ̀ ń ríran. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un pé èmi ni Tíṣà tí èmi àti Kamọ́rù jọ ń gbé. Nígbà tí mo dárúkọ Kamọ́rù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra nílẹ̀ díẹ̀, ó sì padà sílẹ̀.

Mo jáde sí abẹ́ igi òroǹbó tó wà níwájú ilé. N kò ní í purọ́, ó wù mí pé kí n sọ ti ilẹ̀ oko fún un. Kó wá. Kó bá òkìtì ilẹ̀ tútù. Kó mọ̀ ọ́n. Mo di fóònù mú títí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo pe Kamọ́rù.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti dárí jì mí?"

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́. Bàbá rẹ ni mo torí wọn pè. Màsífà ni mo wà."

Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu irin lẹ́yìn rẹ̀.

"Wọ́n ní ara wọn ti ń yá," ó ní.

"Kò yá. Apá kan ti kú lára wọn, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣì ń mí, wọ́n mọ èèyàn. Mo dárúkọ rẹ, wọ́n gbé ọwọ́. Tí o bá kúrò níbẹ̀ lónìí, o lè bá wọn, o sì lè má bá wọn. Mi ò mọ̀. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo rí."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ku nǹkan kan tí ẹ ò sọ?"

"Kò kù."

Mo gbọ́ tó ní kí ẹnì kan wá gba sípánà lọ́wọ́ òun. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ń bọ̀," fóònù sì kú.

Àbúrò bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ le. Mo tọrọ àforíjì, mo kọjá lára rẹ̀ wọlé. Mo jókòó ti ẹní, mo sọ fún bàbá Kamọ́rù pé ọmọ rẹ̀ ti mọ̀, ó ti ń bọ̀.